Másítà oúnjẹ aláìsàn: ká jókòó sílé l'Óṣogbo kọ́ ọ lọ́dọ̀ òyìnbó, àbí ká máa wọkọ̀ lọ sí yunifásítì ilé?

Kò sí oṣù kan tí nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì kì í pè mí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, másítà clinical nutrition tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé kí n sanwó ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi í sọ lórí fóònù, ni mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti ṣe méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni ti yunifásítì kan ní Ìlú Ọba, tí mò ń ṣe látinú yàrá mi ní Alékúwodò. Mi ò parí ẹ̀. Èkejì ni ti yunifásítì kan nílẹ̀ wa níbí, tí mo máa ń wọkọ̀ lọ. Ìyẹn ni mo parí. Mi ò ní dárúkọ èyíkéyìí, torí ìjà kọ́ ni mo gbé wá. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí nílé kò ṣòro í rí: Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni, FUNAAB l'Ábẹ́òkúta náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Iye ọdún, iye kọ́ọ̀sì àti fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé ìpolówó wọn, ẹ lè kà á fúnra yín.

Owó

Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó ní 2022 nítorí ASUU. Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlè ọdún yẹn ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n tó wọlé padà. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo ní ọjọ́ orí ò dúró de ẹnì kan, mo kó owó àjọ mi jáde, mo san ọdún kìíní.

Nígbà tó di oṣù Okúdu 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lójà. Dọ́là kan tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí i 460 náírà ti kọjá 1,500 kí oṣù Èrèlè 2024 tó parí, pọ́n-ùn náà sì bá a sáré. Iléèwé ò fi pẹ́nì kan lé owó wọn. Àpò tèmi ló mọ̀ pé ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Káàdì náírà wa ò sì ṣiṣẹ́ lókè òkun nígbà náà, àfi kí n máa bẹ àbúrò ọkọ mi tó wà lọ́hùn-ún pé kó bá mi san án, kí n wá san tirẹ̀ padà fún ìyá rẹ̀ nílé. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀wọ̀ tí ìyẹn ń bù kúrò lára ènìyàn.

Nílé, náírà ni. Ó máa ń lé sí i lọ́dọọdún, wọn á tún kó owó orúkọ oríṣiríṣi jọ tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n náírà ni.

Iná, détà, aago

Ẹ ra ínfátà. Ẹ má dúró de NEPA.

Aago ni wọn ò ní sọ fún yín. Láti ìparí oṣù Ẹrẹ́nà títí di ìparí oṣù Ọ̀wàrà, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Tí òtútù bá dé sọ́dọ̀ wọn, tiwa á fi wákàtí kan ṣíwájú. Mo ti fi oṣù márùn-ún mọ̀ pé aago mẹ́wàá wọn ni mọ́kànlá wa. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n yí aago, ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà 2023, mo wọṣọ, mo fi lọ́fínńdà sí i (kí ni mo ń fi lọ́fínńdà ṣe níwájú kámẹ́rà?), mo wọlé fún ìdánwò àfẹnusọ ní aago mọ́kànlá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní wákàtí kan sẹ́yìn.

Ìrìn àjò ti ilé, ẹ mọ̀ ọ́n: Gbọ̀ngán, Ìkirè, Aṣéjìrè. Dòdò Ìkirè ló ń ba ẹ̀kọ́ mi jẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìkọ́ni fúnra rẹ̀

Ní ti èyí, òyìnbó la wa mọ́lẹ̀, mi ò lè purọ́. Bí ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ ṣe lè kú nítorí pé a já oúnjẹ lù ú lójijì, tí phosphate inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, tí ọkàn ò ní lè lù dáadáa mọ́: olùkọ́ kan là á yé mi láàárín ogójì ìṣẹ́jú tó fi jẹ́ pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Fídíò rẹ̀ wà níbẹ̀, mo lè dá a padà nígbà mẹ́wàá. Ìwé ìwádìí tí ẹ bá fẹ́ kà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti dé padà pẹ̀lú àlàyé ibi tí ẹ ti ṣì í. Nílé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹnì kan láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì nítorí ìbuwọ́lù kan ṣoṣo, wọ́n wá ní ọ̀gá ti gba ẹ̀yìn jáde.

Wọ́ọ̀dù

Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì sọ ohun tó jẹ́ kí n fi ti òyìnbó sílẹ̀. Kì í ṣe owó, bí ó tilẹ̀ ń dùn mí títí dòní.

Kọ́ọ̀sì kan wà ní ọdún kejì tó jẹ́ ti iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ọ́ nínú ìwé ìpolówó: akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ibi tí yóò ti ṣe é ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Mo ka ìlà yẹn nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá pọ̀ láti Òṣogbo dé Ifẹ̀ dé Ìbàdàn. Ta ni yóò lé mi?

Wọ́n fi ohun tí wọ́n ń fẹ́ ránṣẹ́. Alábòójútó gbọ́dọ̀ jẹ́ dietitian, onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn, tó forúkọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn. Mo gbọ́dọ̀ ra ìwé adójútòfò tó máa gbà mí tí mo bá ṣe aláìsàn léṣe. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì aláwọ̀ ewé, mo lọ sí ọsibítù kan. Màmá kan ni olórí ẹ̀ka oúnjẹ níbẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó wò mí.

"Ta ló rán ẹ wá, ọmọ mi?"

"Iléèwé mi ni, Mà."

"Àwọn dà? Ṣé wọ́n mọ̀ wá? Ṣé àwa mọ̀ wọ́n?"

Mo ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Mà. Ó ní àánú mi ṣe òun, kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà. Mo kọ ọ́. Ọ̀gá àgbà ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ẹ̀kọ́. Àwọn yẹn ní wọ́n ní iye kan tí akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé rẹ̀ kò bá wọn ní àdéhùn máa ń san. Mo san án. Fáìlì padà sọ́dọ̀ Màmá, ó gbà láti jẹ́ alábòójútó mi, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún, lẹ́tà dé: àwọn ò rí orúkọ ẹ̀ níbi tí àwọn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí n wá ẹlòmíì.

Oṣù márùn-ún ni mo fi sáré yẹn. Ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ parí kọjá, wọ́n sì fi owó ìsúnsíwájú ránṣẹ́ sí mi, ní pọ́n-ùn. Lọ́jọ́ yẹn ni mo pa laptop dé. Mo bínú sí ẹni tó kọ ìlà kan ṣoṣo yẹn sínú ìwé ìpolówó. Mi ò bínú sí Màmá rárá. Èmi náà wà ní wọ́ọ̀dù, mo mọ ohun tí ojú ń rí bí nǹkan bá ṣe aláìsàn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a ò mọ ibi tó ti wá.

Nílé ńkọ́? Iléèwé ti bá ilé ìwòsàn ní àdéhùn kí n tó débẹ̀. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, wọ́n pín wa sí wọ́ọ̀dù bí ẹni pín ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló rán mi.

Ibẹ̀ ni mo wá mọ ohun tí fídíò kò lè fún mi. Bàbá kan wà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ìtọ̀ ṣúgà ló gbé e wá. Mo bi í pé kí lẹ jẹ lánàá. "Àmàlà ni, ọmọ mi. Díẹ̀ náà ni." Báwo ni díẹ̀ ṣe tó, Bàbá? Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò bí ẹni fẹ́ bu omi. Lọ́dọ̀ òyìnbó, ìwé fọ́tò ni wọ́n fún wa fún irú ìbéèrè yìí: búrẹ́dì bíbẹ́, pọ̀tétò, abọ́ pásítà. Alábòójútó mi nílé rán mi lọ ra àmàlà ní kántíìnì. A gbé ìwọ̀n kékeré sórí tábìlì, a ní kí Bàbá bu òkèlè bó ṣe ń bù ú nílé. Àkọ́kọ́, gíráàmù 58. Èkejì, 63. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ má dá a lóhùn! Torí ẹ wà níbí ló ṣe ń bu kékeré." Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkùnrin bá sọ "díẹ̀" fún mi, ojú ìyàwó ẹ̀ ni mo máa ń wò.

Tàbí ẹ gbé ti oúnjẹ inú rọ́bà, èyí tí a ń tì bọ imú aláìsàn, yẹ̀ wò. Nínú fídíò, oúnjẹ wà nínú àpò tí wọ́n ti dì láti ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ kan ń fà á díẹ̀díẹ̀ wọ inú aláìsàn. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, sìríńjì ńlá ni, ẹ̀kọ tí a fi sóyà, edé lílọ̀ àti epo pò ló sì wà nínú ẹ̀. Bí wọn ò bá sẹ́ edé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, á dí rọ́bà, ẹ ó tún un tì bọ imú ẹni tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀. Wákàtí mélòó ni ẹ̀kọ yẹn lè wà nínú ooru kó tó di májèlé? Ta ni yóò sè é lóru? Kò sí èyí nínú ìdánwò tí mo ti gba 78.

Ti àwọn ọmọ tí ebi ti pa sára ńkọ́? Mo ti mọ̀ lórí ìwé pé F-75, mílíìkì ìtọ́jú wọn, la fi ń bẹ̀rẹ̀, kalorí 75 nínú mílílítà 100, díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, kó tó kan F-100 tó lágbára jù ú lọ. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 yíká, ewu ti wọ̀ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí mo máa sọ fún ìyá tó di aṣọ mi mú pé, "Nọ́ọ̀sì, ebi ń pa ọmọ mi, ẹ fi kún un!"

Ìwé ẹ̀rí

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tó ń ronú àti jáde. Lábẹ́ òfin Ìlú Ọba, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan sílẹ̀ níbẹ̀, nìkan ló lè pe ara rẹ̀ ní dietitian. Másítà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí HCPC kò fọwọ́ sí kò lè gbé yín débẹ̀, kódà kó jẹ́ yunifásítì wọn ló fún yín. Ẹ lè di nutritionist nípa ọ̀nà mìíràn, ìyẹn yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ẹni tí kò ní másítà kò lè jókòó ṣe ìdánwò dietitian mọ́, ó sì tún gbọ́dọ̀ ti ṣe ó kéré tán wákàtí 1,000 lábẹ́ alábòójútó. Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù náà tún ni.

Nílé pàápàá, másítà nìkan kò sọ nọ́ọ̀sì di dietitian. Ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí òkèèrè ṣiṣẹ́ ìjọba níbí, ẹ máa gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ l'Ábùjá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì, náà ní àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi ayédèrú yunifásítì gba owó ènìyàn. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó ibikíbi.

Ohun rere kan wà nínú ti Ìlú Ọba: ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Kírẹ́dítì 180 ni másítà, 120 ni díplómà, 60 ni sátífíkéètì. Èmi gba 60. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi, ọmọ mi kékeré rò pé kàlẹ́ńdà ni.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá. Olùkọ́ ni yín, tàbí ẹ wà nílé iṣẹ́ oúnjẹ, tàbí ìwádìí lẹ ń ṣe, tẹ́ ẹ sì ní ẹni tó máa bá yín san pọ́n-ùn láìkùn? Ti òyìnbó dára fún yín, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù lẹ máa padà sí, bíi tèmi, ẹ fara da ìjókòó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn.

Bí ẹ bá sì ti pinnu pé ti òkèèrè ni, ẹ kọ̀wé sí wọn lálẹ́ yìí kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun. Ìbéèrè kan ni: ta ni yóò wá alábòójútó fún mi ní Òṣogbo, kí sì ni ẹni náà gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ tó gbà á? Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn máa "ṣèrànwọ́", ẹ tún un bi wọ́n.