Oṣù 14 Pẹ̀lú Ìpara Tí Wọ́n Ní Eruku Kò Lè Lẹ̀ Mọ́

Páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́fà ló wà lórí òrùlé mi, mẹ́ta-mẹ́ta lórí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo ra ìpara olómi tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ dígí, mẹ́ta péré ni mo fín in sí. Mo fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ojú mi lè jẹ́rìí.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, omi orí ewé kókò ni. Òjò bá ti kán sí i, á ṣù róbótóróbótó, á yí eruku mọ́ra, á sì bọ́ sílẹ̀. Fóònù tí mo fi ń wo iná tó ń wọlé pàápàá ń fi ìyàtọ̀ díẹ̀ hàn. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ, omi ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí gbogbo wọn. Ọdún 5 ni wọ́n kọ sára ike o! Oòrùn àti ọ̀rinrin ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku kúrò. Iyanrìn wẹ́wẹ́ inú eruku, sáńpépà ni lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìlànà ara ike náà ní kí n kọ́kọ́ fi ọṣẹ líle kan tó ń ta bí omi eérú fọ dígí. Ọ̀pọ̀ dígí sólà ti gbé ìpara tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́: sílíkà, èròjà tó wà nínú iyanrìn àti dígí, tó kún fún ihò wínníwínní, tí nínípọn rẹ̀ kò ju bíi 100 sí 150 nánómítà lọ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan). Dígí lásán máa ń dá bíi ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá kan ojú rẹ̀ padà; ìpara yìí ló ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ sílíkà. Ṣé kí n wá ba ti ilé iṣẹ́ jẹ́ nítorí kí ti inú ike lè lẹ̀?

Ní báyìí, omi òjò tí mo tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀mù àti kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ ni mo ń lò, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, torí omi tútù lórí dígí gbígbóná lè mú kó sán. Omi kànga mi, bó bá gbẹ, àpá funfun ló ń fi sílẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ, mo máa ń fi omi rin ín kó rọ̀. N kì í ha á. Lẹ́yìn fífọ̀, iye iná kan náà ni wáyà méjèèjì ń mú wá.

N kò tún ní rà á. Ìdajì tó kù nínú ike, gíláàsì iwájú mọ́tò mi ni mo fi pa, ó sì ń yí omi dànù níbẹ̀ títí di àná.