Wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wọ àpò jákẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá ṣí i, kíbọ́ọ̀dù tó pé lẹ́tà ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì mẹ́fà láti igun dé igun. Kì í ṣe fóònù tí wọ́n fẹ̀ lójú o. Kọ̀ǹpútà gidi ni, tó ń lo Windows tàbí Linux bíi ti èyí tó wà lórí tábìlì.

Iṣẹ́ ló jẹ́ kí n rà á. Ẹ̀rọ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, ni mò ń tọ́jú, ibi tí wọ́n sì ń kó wọn sí kì í sábà ní àga. Ìdúró ni mo fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà: ọwọ́ kan á gbé kọ̀ǹpútà dání, èkejì á máa tẹ̀wé. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, apá á ti máa ro mí. Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀ nípa kékeré yìí: ṣé agbára rẹ̀ tó iṣẹ́, ṣé bátìrì rẹ̀ á sì bá mi dé alẹ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dán an wò. Mo kọ àwọn àṣẹ kan tó ń ka iye iná tó kù nínú bátìrì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì, kó má baà jẹ́ pé ojú lásán ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Celeron N4100 ti Intel ni processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣírò gbogbo nǹkan, èyí tó jáde ní ìparí ọdún 2017. Core mẹ́rin, ìyẹn apá mẹ́rin tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ló ní. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1.1 GHz, ó sì lè ta dé 2.4 GHz fún ìgbà díẹ̀. Wáàtì, ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹ iná, 6 ni Intel ṣe é fún, nígbà tó jẹ́ pé 15 ni ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó fẹ́lẹ́. RAM rẹ̀, ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ 8 GB. Ẹ fi wáàtì 6 yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ohun tí mo rí dá lé.

Linux ni mo fi sí i. Bó ṣe tàn báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀! Ojú tí wọ́n ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì, tó yẹ kó dúró lóòró, ni wọ́n dà sí ìbú, Linux kò sì mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi fbcon=rotate:1 kún ìlà àṣẹ tó ń kà bó bá ń tàn, ó sì dìde. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má rò pé ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Kíbọ́ọ̀dù náà, àtàǹpàkò méjèèjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà kó tó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, kò já mi kulẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú-àáyá 19 lẹ́yìn tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ó ti ṣe tán. SSH tí mo fi ń wọ inú server láti ọ̀nà jíjìn, ìwé kíkọ, lẹ́tà kíkà, gbogbo rẹ̀ ń ṣí wéré. Ojú ìwé mẹ́fà lórí Firefox kò ni ín lára; nígbà tí wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó yọ.

Iṣẹ́ tó gùn ló tú àṣírí rẹ̀. Mo mú fódà àkọsílẹ̀ server kan tó jẹ́ 3 GB, mo ní kí 7-Zip, ètò tó ń dín fáìlì kù, dì í kó kéré, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún láìsinmi. Àkọ́kọ́ parí ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Èkejì gba ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50. Láti ẹ̀kẹta dé ìkarùn-ún, ó dúró sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 9. Ẹ̀rọ kan náà, fódà kan náà. Ooru ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 2.3 GHz ló ń sá. Bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná, ó rọra fà sẹ́yìn títí dé 1.7 kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Fáànù inú rẹ̀ ń dún tínrín bí ẹ̀fọn létí, ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kò ju ìka ọmọdé lọ. Ẹni tó bá dán irú ẹ̀rọ báyìí wò lẹ́ẹ̀kan péré, eré ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló wọ̀n, kò tíì mọ bí yóò ṣe rí tí iṣẹ́ bá di ti ìdajì ọjọ́.

Wàyí o, bátìrì. 5,000 mAh ni wọ́n kọ sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń fi iye yìí wé ti fóònù wọn. Kò ṣeé fi wéra bẹ́ẹ̀, torí fóltì wọn kò dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n so tẹ̀léra wọn ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, fóltì rẹ̀ sì jẹ́ 7.6. 5,000 mAh jẹ́ ampere-wákàtí 5; bí ẹ bá sọ 5 yẹn di ìlọ́po 7.6, wáàtì-wákàtí 38 ló máa jẹ́. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀rọ náà bá ń jẹ wáàtì 1, bátìrì á gbé e fún wákàtí 38. Bó bá ń jẹ wáàtì 10, kò ní í pé wákàtí mẹ́rin.

Páálí sọ pé bátìrì á gbé e fún wákàtí mẹ́wàá. Mo pín 38 sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó fún mi ní 3.8. Ìgbà wo wá ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ wáàtì 3.8? Mo wá a títí. Ìgbà tí mo pa Wi-Fi, tí mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tí n kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun, ló jẹ 3.7. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́wàá ti ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò ni wọ́n kọ fún ẹni tó fẹ́ lò ó, ó sì dùn mí, torí ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an tó ohun tí èèyàn lè fi yangàn.

Nígbà tí mo lò ó bí mo ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, tí Wi-Fi wà ní títàn, tí ìmọ́lẹ̀ wà ní ìdá 30 nínú 100, wáàtì 5.2 ló ń jẹ. Láti ìgbà tó kún títí dé ìdá 5 tó ti máa ń pa ara rẹ̀, mo ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 55. Fún ohun tó wọ àpò, mo gba èyí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo wá gbé ìmọ́lẹ̀ dé òkè pátápátá, bí èèyàn ṣe máa nílò rẹ̀ nínú oòrùn. Ó di wáàtì 6.8, iṣẹ́ sì parí ní wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló gba wákàtí kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi. Fódà dídì láìdáwọ́dúró, ní tirẹ̀, ń jẹ wáàtì 12.4, bátìrì kò sì pé wákàtí mẹ́ta.

Fídíò ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ní fídíò kan náà ní oríṣi méjì, H.264 àti AV1, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà di fídíò kó kéré, àwòrán kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà. H.264 jẹ wáàtì 5.9, AV1 jẹ 9.6! Wákàtí mẹ́fà dín kù di mẹ́ta ó lé ìṣẹ́jú 45, àwòrán sì tún ń ta kọsẹ̀. Ohun tó fà á ni pé apá kan wà nínú N4100 tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú fídíò lọ. Ó mọ H.264, ó mọ HEVC àti VP9 tí wọ́n jẹ́ oríṣi mìíràn. Kò mọ AV1, torí ọdún 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé AV1 jáde, lẹ́yìn tí processor náà ti dé. Core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá ń fi tipátipá ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ lọ sí about:config, ojú ìwé ètò inú Firefox, ẹ sọ media.av1.enabled di false, àwọn ìkànnì tó bá ní oríṣi mìíràn á fún yín ní èyí tí ẹ̀rọ náà mọ̀.

Ó ku ti power bank. Tèmi jẹ́ 20,000 mAh, mo sì rò ó pé yóò rọ bátìrì 5,000 kún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóltì 3.7 ni wọ́n fi ka 20,000 yẹn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì-wákàtí 74 péré, kò tó ìlọ́po méjì 38. Díẹ̀ tún ń bá ooru lọ lójú ọ̀nà. Ó rọ̀ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ó gbé e dé ìdá 60, ó tán.

Ohun tó fẹ́ bà mí nínú jẹ́ ni oorun rẹ̀. Mo pa á dé lálẹ́, mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tí wákàtí mẹ́jọ fi pé, ìdá 14 ti lọ. Iná wákàtí kan iṣẹ́ mi nìyẹn, láìṣe nǹkankan! Mo wò ó wò ó, mo rí i pé s2idle nìkan ni irú oorun tó mọ̀, èyí tí kì í pa gbogbo ara rẹ̀ tán. Mo ti yí i padà: bí mo bá pa á dé báyìí, ohun tó wà nínú RAM ló ń kọ sínú dísìkì, á sì kú pátápátá. Ìṣẹ́jú-àáyá 24 ló fi ń padà síbi tí mo bá iṣẹ́ dé. Lálẹ́ àná, ìdá 81 ni mo fi sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, 81 náà ni mo bá.