Jẹnẹrétọ̀ aláìlépo, bẹntiróòlù, inverter àbí sólà: èwo ló yẹ kí ará Abẹ́òkúta náwó lé?

Ẹni tí mo ń kọ ìfiwéra yìí fún ni ẹni tó ti rọra kówó jọ, bóyá látinú àjọ tàbí owó tó yá ní kóópù, tó wá ń wá ohun tí yóò máa fún ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níná. Ọjà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú rẹ̀: jẹnẹrétọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù, inverter oníbátìrì tí à ń fi NẸ́PÀ ṣáàjì, sólà, àti èyí tí wọ́n ń pè ní fuelless, ìyẹn jẹnẹrétọ̀ aláìlépo. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí ẹni tó ń rà á kì í sábà ní owó tí yóò fi ra òmíràn.

Ká tó fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí gbogbo wọn máa sìn. Ìdílé kan ní Ọbáńtokò ní gílóòbù LED márùn-ún oníwáàtì 9 tó ń tàn fún wákàtí 6, fáànù méjì oníwáàtì 60 fún wákàtí 8, tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí 5, àti fìríìjì kékeré tó ń jẹ bíi yúníìtì kan lójúmọ́. Yúníìtì tí mo ń wí yìí náà lẹ̀ ń rà sórí mítà: wáàtì 1000 fún wákàtí kan. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yúníìtì 2.6 ni ilé yìí ń jẹ lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta iná fún yín, ẹ bi í pé níbo ni yúníìtì 2.6 yẹn yóò ti máa wá lójoojúmọ́.

Ohun tó wà nínú àpótí aláìlépo

Ọ̀pọ̀ yín ti rí fídíò rẹ̀ lórí WhatsApp. Àpótí onírin ni, wọ́n á ti kùn ún dáadáa. Nínú rẹ̀, bátìrì kan tàbí méjì ń yí mọ́tò iná. Mọ́tò ń fi bẹ́líìtì yí irin róbótó tó wúwo, èyí tí wọ́n ń pè ní flywheel. Irin náà ń yí alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde bó ṣe ń yí. Alternator sì ń dá iná padà fún bátìrì, wọ́n ní ó tún ń ṣẹ́kù fún gílóòbù, fáànù àti fìríìjì. Olùtajà á ní, "Màmá, kò gba epo, kò gba oòrùn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tàn án, kò tún ní í kú mọ́." Màmá tó bá gbọ́n á bi í pé, "Kí ló wá ń jẹ, ọmọ mi?"

Ìbéèrè yẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe rí. Ẹni tó dá a fún ọgbọ̀n ọjọ́, alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún un. Kò sí alájọ kan tí yóò kó owó ọjọ́ márùndínlógójì fún un. Inú àpótí yìí, alájọ mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn, ohun tí kálukú wọn sì ń mú ju owó ọjọ́ kan lọ. Ká ní bátìrì tú 100 sílẹ̀. Mọ́tò kékeré máa ń sọ bíi 20 di ooru, ó ku 80. Bẹ́líìtì àti bẹ́árìn á mú tiwọn, ó ku 76. Alternator tó dáa á mú bí ìdámẹ́rin, ó ku 57. Ti ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń tò síbẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí 57 yẹn tó padà wọnú bátìrì, bátìrì fúnra rẹ̀ á gba tirẹ̀, ohun tó máa wọlé ò ju bíi 48 lọ. Ẹ ò sì tíì tan gílóòbù kan o. Tí àpótí náà bá ti ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ara mọ́tò rẹ̀. Ooru tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ ni yúníìtì tẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Flywheel yẹn ni wọ́n fi máa ń ṣẹ́gun ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, torí ó tóbi lójú, ìró rẹ̀ sì ń dún bí ohun tó lágbára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irin róbótó tó wúwo tó kílò 50, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tó ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan: gbogbo agbára tó wà lára rẹ̀ ò tó èyí tí gílóòbù oníwáàtì 8 máa jẹ ní wákàtí kan. Tí ẹ bá so áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1000 mọ́ ọn, kò ní í gbé e ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 28 lọ. Ohun tí wọ́n bá fi sára irin náà nìkan ló lè tú jáde.

Àwọn mìíràn ní ti àwọn ò lo bátìrì, òòfà ló ń yí i. Òòfà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára tó fi fa irin mọ́ra náà lẹ máa ná kẹ́ ẹ tó lè já a kúrò. Kẹ̀kẹ́ tó bá yípo tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ò ní èrè kankan lọ́wọ́, ẹ ì báà to òòfà ọgọ́rùn-ún sára rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò gbìyànjú tó. Ní 1775, Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ní Paris kéde pé àwọn ò ní í yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n ní á máa yí títí láìjẹ nǹkan kan wò mọ́, torí ó ti ba ilé ọ̀pọ̀ onílàákàyè jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1870, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí mọ́tò àràmàǹdà tí John Keely, ará Philadelphia, lóun ṣe. Àwọn olówó ra ṣíà, ó ń ṣe àfihàn fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ́tò tí wọ́n lè tà lọ́jà ò sì jáde. Nígbà tó kú ní 1898 tí wọ́n yẹ ilé rẹ̀ wò, wọ́n bá àgbá irin ńlá kan nísàlẹ̀ ilé, irú èyí tí wọ́n lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí láti máa yí mọ́tò ní ìkọ̀kọ̀. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n yẹ ẹ̀rọ Joseph Newman wò, èyí tó ní iná tó ń jáde nínú rẹ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ni iná tó jáde kéré sí èyí tó wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń fi í hàn, àti bí ẹ ṣe lè dán an wò

Àfihàn tí wọ́n ń ṣe lónìí jọ ti Keely gan-an. Wọ́n á yọ bátìrì tó wà níta lójú yín, gílóòbù ò ní í kú, torí bátìrì mìíràn wà nísàlẹ̀ àpótí. Tàbí kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n, kó kọ 220, kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Fólítì ni 220 yẹn, kì í ṣe wáàtì. Ẹ̀rọ tí kò lè gbé fáànù kan lè kọ 220 nígbà tí ẹ ò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn. Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ jù ni àkókò kúkúrú. Bátìrì 12V, 100Ah tó kún lè tan gílóòbù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àfihàn tiwọn kì í sì í tó wákàtí kan.

Nítorí náà, ẹrù yín ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ gbé fáànù yín méjèèjì àti tẹlifíṣọ̀n lọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìdúró, níbi tí kò ti sí wáyà NẸ́PÀ, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí náà kí ẹlẹ́tíríṣíànì yín ka bátìrì tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ bátìrì olójé, kí ó wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tàn án, kí ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tó sì ti sinmi díẹ̀: nǹkan bí fólítì 12.7 ni bátìrì tó kún, nǹkan bí 12.2 ni èyí tó ti jẹ dé ìdajì. Olùtajà tó bá ní àṣírí iṣẹ́ òun ni, tí kò gbà kí ẹ ṣí i, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ má san àsansílẹ̀ pàápàá.

Ẹ wá jẹ́ ká dá a padà sí ilé Ọbáńtokò. Bátìrì méjì tó jẹ́ 12V, 100Ah, yúníìtì 2.4 ló wà nínú wọn tí wọ́n bá kún (ẹ fi 12 sọ 100 di púpọ̀, ó di 1200, ìyẹn yúníìtì 1.2 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan). Olójé ò sì yẹ kó jẹ kọjá ìdajì, torí kíá ni yóò bàjẹ́, nítorí náà yúníìtì 1.2 lẹ ní. Ilé yẹn nílò 2.6. Mọ́tò àti alternator tó wà láàárín kàn ń jẹ nínú ìwọ̀nba yẹn ni, wọn ò fi nǹkan kan kún un. Bátìrì lẹ rà, ní iye jẹnẹrétọ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí i pé owó ọdún kan àbọ̀ télọ̀ Ìtòkú kan ló wọnú irú irin bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàn án, ọwọ́ wọn dáa. Ẹni tó lè to ṣáàfù kó gún, tó lè wé kọ́ìlì mọ́tò padà, iṣẹ́ gidi ń dúró dè é nínú sólà àti inverter.

Àwọn mẹ́ta yòókù

Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù kò ṣòro láti ṣàlàyé. Lítà epo kan nínú ẹ̀rọ kékeré máa ń mú bíi yúníìtì kan sí kan àbọ̀ wá tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀. Tó bá jẹ́ gílóòbù àti fáànù nìkan lẹ fi sí i, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ́ńjìnnì á máa mu epo kó kàn lè máa yí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023 ni ìṣirò rẹ̀ ti wúwo. Owó tẹ́ ẹ máa fi rà á ló kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó ojoojúmọ́ rẹ̀ ló ga jù. Àmọ́ ẹni tó ń jó irin, tàbí tó ní ẹ̀rọ ìlọta ńlá, ó ṣì nílò rẹ̀. Ẹ má tàn án sínú ilé tàbí ẹnu fèrèsé o, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Inverter àti bátìrì tí NẸ́PÀ ń ṣáàjì ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí àdúgbò rẹ̀ wà ní Band A. Wákàtí 20 ló kéré jù tó yẹ kí iná wà níbẹ̀ lójúmọ́, nígbà tí wọ́n sì gbé owó rẹ̀ ga ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni wọ́n pe yúníìtì kan. Kódà pẹ̀lú ohun tí bátìrì ń jẹ, kò sí epo tó lè bá iye yẹn du. Ibi tí wọn kì í tíì mú iná wá ju wákàtí mélòó kan lọ, bátìrì ò ní í kún, ẹ máa padà sínú òkùnkùn.

Sólà nìkan ni nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sún mọ́ iná ọ̀fẹ́ tí à ń wá. Àwọn kan máa ń fi omi dáhùn: wọ́n ní Ìsédò Ọyán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ní ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú mẹ́gáwáàtì 3 wá, omi sì nìkan ló nílò. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi tó ń já bọ́ ni, omi tó bá sì ti já bọ́ kì í gòkè padà fúnra rẹ̀. Oòrùn ló ń fà á lọ sókè kó tó tún di òjò. Ẹ kúkú gba ti oòrùn ní tààrà.

Ní Abẹ́òkúta, ẹ ka oòrùn tó múná sí bíi wákàtí 4 lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ó ń dín kù ní àkókò òjò. Páànẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 400 kan, lẹ́yìn ohun tí eruku, ooru àti wáyà bá gbà, máa ń mú bíi yúníìtì 1.2 wá. Ilé wa yẹn nílò mẹ́ta, kó má baà há ní oṣù keje. Bátìrì lithium 24V, 100Ah á gbé wọn di àárọ̀. Ó wọ́n ju olójé lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé lò dé bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń pẹ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí owó ò bá tíì pé, ẹ kọ́kọ́ ra inverter tó ṣeé so sólà mọ́ àti bátìrì, kẹ́ ẹ máa fi páànẹ́ẹ̀lì kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù àti ìgbóná omi ni kẹ́ ẹ yọ kúrò lórí rẹ̀.

Tí páànẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ dúró di ọ̀sán gangan kẹ́ ẹ tó rà á, kí oníṣẹ́ yín fi mítà wọ̀n ọ́n nínú oòrùn, kó sì fi ohun tó rí wé ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ti bátìrì olójé, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. 12V, 100Ah tó jẹ́ ojúlówó máa ń tó bíi kílò 28 sí 32. Èyí tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, òjé inú rẹ̀ ò pé, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sí ara rẹ̀.