Ọjọ́ Méje Lórí Òkun Pẹ̀lú Àwọn Ìdílé Bíi Tiwa

Nígbà tí a wọ yàrá wa nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibùsùn ni mo kọ́kọ́ wò. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí èmi àti ìyàwó mi, obìnrin ni àwa méjèèjì, kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ síbi irú ìgbafẹ́ yìí nínú ọkọ̀ ojú omi mìíràn, ẹni tó ń tọ́jú yàrá ti fa ibùsùn ya sí méjì kí a tó dé, nítorí ó rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì bẹ̀ ẹ́ kó tó dà á pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ibùsùn ńlá kan ni a bá, wọ́n ká aṣọ ìnura méjì bí ẹyẹ sórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní èbúté Manhattan nígbà tí a ń forúkọ sílẹ̀: ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ tó ní orúkọ àwa méjèèjì ni wọ́n gbà, wọn kò sì béèrè ibi tí bàbá wà.

Irú ìrìnàjò yìí, tí wọ́n ń ṣètò fún àwọn òbí tó jẹ́ obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì, kì í ṣe tuntun ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje ọdún 2004 ni R Family Vacations, tí gbajúmọ̀ aláwàdà nì, Rosie O'Donnell, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fi ọkọ̀ Norwegian Dawn kó èrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan láti New York. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Nassau ní Bahamas, àwọn afẹ̀hónúhàn ti ń dúró dè wọ́n, ìṣojú àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sì ti ń pariwo mọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Massachusetts nìkan ni ìgbéyàwó irú wa ti bófin mu nígbà náà. Oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fàṣẹ sí i jákèjádò Amẹ́ríkà.

Àwọn ọmọ ni wọ́n jẹ ìgbádùn náà jù. Nílé ìwé ní Maryland, Àdùkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó máa ń ṣàlàyé fún ẹlòmíràn lọ́dọọdún pé ìyá méjì ni òun ní. Lọ́jọ́ kejì tí a wà lórí òkun, mo jókòó sí etí odò ìwẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin kan lúwẹ̀ẹ́ wá bá a tó ní, “Bàbá méjì ni mo ní, ìwọ ńkọ́?” Àdùkẹ́ ní, “Màámi àti Mọ́mì.” Ọmọ náà bu omi lù ú, eré sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti wọ jígí mi, nítorí omi ti lé sí mi lójú.

Ìpàdé àwọn òbí ní alẹ́ ọjọ́ kẹta wúlò púpọ̀. Ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ èrò bíi tiwa ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí ẹni tí kò bí ọmọ nínú tọkọtaya gba ìwé ìgbàṣọmọ láti ilé-ẹjọ́, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, torí pé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ nira láti ṣe àríyànjiyàn sí ju ìwé ẹ̀rí lásán lọ. Ọ̀sẹ̀ tí a padà dé ni a ti bẹ̀rẹ̀ tiwa.

Ohun tó dùn mí ni pé ìpolówó àwọn tó ṣètò ìrìnàjò wa kò sọ ọ́ kó yéni pé kì í ṣe odindi ọkọ̀ ni wọ́n gbà. Ẹgbẹ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ èrò ni wá. Nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, obìnrin kan wo ìyàwó mi, ó wo èmi náà, ó ní, “Ta gan-an ni ìyá wọn nínú yín?” Ìṣojú àwọn ọmọ ni. Irú ìbéèrè yẹn gan-an ni mo sanwó kí n má baà gbọ́ fún ọjọ́ méje. Wọ́n tún pín ibi eré àwọn ọmọdé ní ọjọ́ orí, èyí tó ya Àdùkẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, tó sì sunkún títí ọjọ́ kejì fi ṣú. Owó ìdúpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bíi dọ́là 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ọmọdé kò yọ sílẹ̀, nítorí náà, ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ méje di dọ́là 560 lórí owó tí a ti san. Oúnjẹ pọ̀, kò kàn ta lẹ́nu. Ata gígún tí mo gbé dání ni ó gbà wá.

A kò lè gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí Ìbàdàn kí a sì jẹ́ ìdílé kan níbẹ̀, nítorí òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de irú ìgbéyàwó wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kábàámọ̀ owó náà. Èmi yóò tún bá àwọn olùṣètò yìí lọ, bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kí n tó sanwó bóyá odindi ọkọ̀ ni tàbí ẹgbẹ́ lásán, àti iye ìdílé bíi tiwa tó ti forúkọ sílẹ̀.