Sílíìnì asbestos àtijọ́: ká tú u ni àbí ká fi sílẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ilé àtijọ́ ṣe l'Ákùrẹ́, ohun tí káfíńtà máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé ẹ jẹ́ ká já a dànù ká lu PVC síbẹ̀. Ẹ dúró ná. Tí síìtì yẹn ò bá là, tí kò rún, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ kàn kùn ún lọ́dà, ẹ má fi sandpaper ha á, ẹ má lu ihò fáànù tuntun sí i, torí eruku ẹ̀ ni wàhálà, kì í ṣe síìtì tó jókòó jẹ́jẹ́. Owó ẹ̀ náà kéré.

Títú ló yanjú ọ̀rọ̀ pátápátá, àmọ́ ibẹ̀ gan-an làwọn bọ̀ọ̀dá wa ti ń ṣeré. Wọ́n á fi hámà fọ́ ọ látìsàlẹ̀, pálọ̀ á funfun báláú, ọmọṣẹ́ á wá máa fi ìgbálẹ̀ gbá a, áńkáṣíìfù ló so mọ́mú. Áńkáṣíìfù kẹ̀! Respirator FFP3 tàbí P100, ìyẹn ìbòmú tó ń sẹ́ eruku tó kúnná, ni o. Ẹ wọ́n omi ọṣẹ sí i, ẹ rọra yọ ìṣó, ẹ sọ síìtì kalẹ̀ lódidi, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má lọ dà á sódò Àlà. Aṣọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ délé bá àwọn ọmọ. Jẹjẹrẹ tí eruku asbestos ń fà lè lo 20 sí 40 ọdún kó tó yọjú, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù ẹ̀.

Tó bá ti ń rún, tàbí òjò ti ń wọlé, kò sí kíkùn níbẹ̀ mọ́, títú ni.