Òrí tàbí ìpara olóòórùn fún ara ọmọ tuntun?

Ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà, àwọn ìyá ọlọ́mọ kì í yéé béèrè pé: ṣé òrí ni kí n fi pa ọmọ lára ni, àbí ìpara inú ike?

Ohun tó wà nínú wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ká tó sọ̀rọ̀ owó. Òrí gidi ò lómi nínú, kò nílò kẹ́míkà tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Ìpara lómi nínú ní tirẹ̀, wọn ò lè ṣe é kí wọ́n má fi irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sí i. Lọ́fíńdà inú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó wà lára ohun tó sábà ń mú kí ara yún, kó sì sú. Ọrùn ọmọ àbúrò mi pọ́n yòò láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré.

Ṣùgbọ́n òrí ọjà ò ní déètì, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí epo tó ti pẹ́, ẹ dá a padà. Ike ìpara ní nọ́ńbà NAFDAC lára.

Lásìkò ọyẹ́, tí awọ ọmọ gbẹ, tẹ́ ẹ sì mọ ẹni tó ń ta òrí fún yín, òrí ni. Lásìkò ooru, tí òógùn ń bo ọmọ, òrí máa ń wúwo. Ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní lọ́fíńdà ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa á lápá, kẹ́ ẹ wò ó di ọjọ́ kejì.