Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ọ̀bẹ àpò Sheffield mi, àti èyí tí mi ò tíì rí rà

Kí n tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọsàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí màmá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bó o ní gáréèjì Ọjọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. Ẹ ó di ọsàn mú lọ́wọ́ òsì, ẹ ó gbé ojú ọ̀bẹ lé e lórí, ẹ ò sì ní gbé e kúrò mọ́. Ọsàn ló ń yí, ọ̀bẹ ò lọ síbì kan. Èèpo á máa bọ́ gbọọrọ bí okùn títí dé ìdí. Awọ funfun tó wà lábẹ́ èèpo gbọ́dọ̀ kù lára ọsàn, torí bí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, omi á máa jò, oníbàárà ò sì ní rà á. Ọ̀bẹ tó bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí ojú rẹ̀ gún régé, kó má sì ní ṣóńṣó tó máa wọni lọ́wọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ta oúnjẹ ilé ní Rye Lane, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárọ̀, páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àpò ẹ̀lùbọ́ ni mo máa ń ṣí. Lọ́sàn-án, oníbàárà á ní kí n gé ìdí iṣu wò fún òun, kí òun mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti dúdú. Nírọ̀lẹ́, màá jókòó sẹ́yìn káńtà, màá bó ọsàn kan fún ara mi. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀, inú àpò épírọ́ọ̀nù mi ni mo sì fẹ́ kó wà, kì í ṣe orí káńtà níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti lè nawọ́ mú un.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988, Criminal Justice Act, abala 139, gbà kéèyàn mú ọ̀bẹ àpò tó ń ká kiri láìṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni, bí ibi tó mú lára rẹ̀ kò bá ju ínǹṣì 3 lọ. Ilé ẹjọ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé èyí tó bá ń ti ara rẹ̀ pa nígbà tó bá ṣí, tí kò ní ká mọ́ àfi béèyàn bá tú u, kò sí lára ohun tí òfin náà gbà. Ní ìsọ̀, mo ní ìdí tí ọ̀bẹ fi wà lọ́wọ́ mi. Nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá kankan bi mí ní ìbéèrè kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ni Opinel ńlá mi ń gbé, ìyẹn nọ́ńbà 8, ọ̀bẹ ilẹ̀ Faransé tí mo fẹ́ràn gan-an. Ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀, òrùka onírin tí wọ́n ti ń fi sí wọn lọ́rùn láti 1955 sì máa ń tì í pa. Nọ́ńbà 5 kò ní òrùka, òfin sì gbà á, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni ojú rẹ̀. Ó dáa fún ọsàn. Kò kápá iṣu.

Àbúrò ọkọ mi tí mò ń pè ní Adúmáradán fi stockman kan, ọ̀bẹ àpò olójú mẹ́ta, ránṣẹ́ sí mi láti Texas, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Case ní Bradford, Pennsylvania. Nọ́ńbà 6318 ni. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ: 6 ni egungun tí wọ́n fín sí èèkù, 3 ni iye ojú tó ní, 18 ni orúkọ àwòṣe fúnra rẹ̀. Láti 1970 ni wọ́n sì ti ń fi iye àmì kékeré tó wà nídìí irin sọ ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tó ní ìwé ìbí lára! Ọ̀bẹ àwọn darandaran màlúù ni. Ojú kan ní ṣóńṣó, èkejì rí bí ẹsẹ̀ àgùntàn, ẹ̀kẹta sì ni èyí tí wọ́n fi ń tẹ akọ màlúù lọ́dàá. Èmi ò ní màlúù. Ojú kejì yẹn nìkan ni mo ń lò, òun ló sì kúrú jù pẹ̀lú ẹ̀kẹta, tí àwọn méjì tó kù kàn ń sọ ọ̀bẹ di kìtìpà nínú àpò mi.

Bàbá òyìnbó kan tí wọ́n máa ń wá ra ata rodo lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọgbà rí, ló fi ọ̀bẹ tiwọn hàn mí lọ́jọ́ kan. Lambsfoot ni wọ́n pè é, ẹsẹ̀ ọmọ àgùntàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọra sún mọ́ iwájú bó ṣe ń lọ sí orí, ibi tó mú sì gún bí rúlà, orí rẹ̀ wá já wálẹ̀ bíi pátákò. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò ó, ìlú Sheffield ni wọ́n sì ti ń rọ ọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo bó ọsàn kan, wọ́n sì dúró wò mí. Èèpo ò já. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá a lórí fóònù, mo san pọ́n-ùn 48.

Ojú kan ni tèmi, kò pé ínǹṣì 3, igi pupa ló wà lára èèkù, idẹ wà nínú. Kò ní ohun tó ń tì í pa, sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn ló ń mú un dúró. Bí mo bá ń pa á dé, ó máa ń dúró díẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, kó tó wá wọlé, pàá! Ìdúró ìdajì yẹn ti gba ìka mi lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀bẹ àpò ní in.

Ṣùgbọ́n kò dé bó ṣe yẹ. Ó nípọn níbi tó yẹ kó fẹ́lẹ́, kò sì mú. Iṣu ló kọ́kọ́ tú u fó: dípò kó gé e, ńṣe ló là á bí ẹni la igi. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, èmi náà wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ Jàmáíkà kan tó ń pa ẹran ní ìsọ̀ kejì sí mi fi òkúta pọ́n ọn fún alẹ́ méjì títí tó fi tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀bẹ tó dà bí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹni tó san pọ́n-ùn 48 kò yẹ kó tún máa bẹ̀ ẹni tó ń pa ẹran.

Irin rẹ̀ sì máa ń dípẹtà. Bí mo bá bó ọsàn mẹ́ta, tí mi ò nù ún kíá, ojú rẹ̀ á dúdú, ọsàn kẹrin á sì máa ta irin-irin lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ọ̀bẹ bíi tèmi ló gba ti àwọ̀ dúdú yẹn, wọ́n ní ẹwà ni. Ọwọ́ tiwọn gbẹ. Tèmi tutù láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ní Sheffield kan náà ni Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà ní 1913. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rọ ọ̀bẹ, ẹ fún mi ní irin yẹn nínú ẹsẹ̀ ọmọ àgùntàn, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́ kó fẹ́lẹ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ojú ihò tí wọ́n ní kéèyàn fi èékánná ṣí i náà kéré. Mo máa ń gé èékánná mi mọ́lẹ̀ nítorí oúnjẹ tí mò ń tà. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà máa ń gé ẹ̀gbẹ́ èèkù díẹ̀ kéèyàn lè fi ìka méjì fa ojú ọ̀bẹ jáde, wọ́n ń ṣe é sí àwòṣe ọ̀bẹ àpò kan tí wọ́n ń pè ní Barlow. Kí ló dé tí wọn ò ṣe é sí èyí?

Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, èèkù àwọ̀ ìyeyè. Igi pupa lẹ́wà, mi ò jiyàn, àmọ́ àwọ̀ èèpo iṣu gan-an ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbá ọ̀bẹ mi mọ́ pàǹtí, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, inú ike ìdọ̀tí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti fi ọwọ́ wá a jáde.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ méjì, mo ya àwòrán ọ̀bẹ tí mò ń wá sínú lẹ́tà náà pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti rí irú rẹ̀ níbì kan, kó wá sọ fún mi ní ìsọ̀. Màá bó ọsàn fún un.